Ọmọbìnrin Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin, àti Ìyá Mi

Nígbà tí mo fi Iléṣà sílẹ̀, ènìyàn méjì ni ìyá mi ń bínú sí. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kejì ni ọmọbìnrin kan tí kò fìgbà kankan gbé ayé, tí àwọn ayàwòrán yà sórí kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Jàpáànù, tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní ìparí eré kan, tí kò sì padà wá. Mo mọ̀ pé ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ń bá àwòrán ṣọ̀tá. Bó ṣe rí nìyẹn, ọ̀tá náà sì jinlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kó tó dìgbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè àti káàdì ìgbéyàwó, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Pólì ni mo ti ń wo àwọn eré àwòrán Jàpáànù tí àwa ọ̀dọ́ ń pè ní ánímè. Àwọn ọkùnrin kíláàsì mi fẹ́ràn èyí tí wọ́n ti ń jà. Èmi, ti ìfẹ́ ni mo fẹ́ràn, èyí tí ènìyàn méjì á máa wo ara wọn fún ìdajì eré láìlè la ẹnu.

Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, ìyá mi yọ̀ ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Mẹ́tọ́díìsì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Bàbá wa ti kú. Bọ̀dá mi Fẹ́mi ń gbé nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jókòó tì í. Mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, mo padà sílé fún ọ̀sẹ̀ méje.

Ìyá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ó ti ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà fún ọdún tó lé lọ́gbọ̀n, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Wọ́n wá fi P.O.P. di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ka gbogbo orúkọ tó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó sì ti bá mi jà nípa bí mo ṣe ń ká aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mi, mo ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń wò?"

"Eré ìfẹ́ ni, Màámi. Ti àwọn ará Jàpáànù."

"Àwọn tí ojú wọn tóbi báyìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn."

Ó na ọrùn. "Sún un wá."

Eré náà dá lórí ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí ojú irin ti pin. Ọmọbìnrin inú rẹ̀, Náò, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin inú rẹ̀, Kẹ́ńtà, jẹ́ ọmọ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Ìpín méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu Jàpáànù ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, ojú ìyá mi kò sì lè bá a sáré. Èmi ni mo wá ń kà á, tí mo ń sọ ọ́ fún un lédè wa. Láàárín ọjọ́ méjì, Ọmọ Oníbúrẹ́dì ni ó ń pe Kẹ́ńtà. Ó máa ń bá a wí bí ẹni pé ó jókòó nínú yàrá pẹ̀lú wa.

"Kí ló dé tí kò sọ fún un?"

"Ojú ń tì í, Màámi."

"Ojú ń tì í. Ẹni tójú ń tì, ṣé ó máa gbé ìtìjú sùn ni?"

Bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí i, kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn eré náà fún wọn. Mo gbọ́ ọ nígbà kan tó ń sọ pé, "Ọmọ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni. Búrẹ́dì tó gbóná ló máa ń gbé síwájú ilé wọn láàárọ̀." Wọ́n rò pé ẹni tó mọ̀ ni.

Nínú ìpín tó kẹ́yìn, Náò rí àyè gbà ní ìlú ńlá kan tó jìnnà réré, níbi tó ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ afárá. Kẹ́ńtà tẹ̀ lé e dé ibùdó ọkọ̀. Ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òun náà sì ti sọ tirẹ̀. Náò wọ ọkọ̀, ó yíjú sí i, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni pé, "Mo ń lọ." Kẹ́ńtà dá a lóhùn, wọ́n kọ ọ́ pé, "Tọ́jú ara rẹ." Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ gbéra. Orúkọ àwọn tó ṣe eré bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Ó ku mélòó?" ìyá mi bi mí.

"Ó ti tán."

"Ó tán bíi báwo? Ìgbéyàwó ńkọ́?"

"Kò sí, Màámi. Bó ṣe parí nìyẹn."

Mo sọ fún un pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Gbogbo ibi tí àwọn olólùfẹ́ ánímè ti ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń jà lórí ìparí náà. Àwọn kan ní kò sí ìparí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn mìíràn ní wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjìlá ré àwọn jẹ. Mo ní ẹ̀yìn àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni mo wà. "Ó yẹ kó lọ. Ẹ̀kọ́ ń dúró dè é níbẹ̀."

Ìyá mi kò wo kọ̀ǹpútà mọ́, èmi ló ń wò. "Ọmọ burúkú ni," ó wí. "Ó fi ulé sílẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀."

"Ulé" ni àwa Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé, ṣùgbọ́n ìyá mi, tó ti bá oríṣiríṣi èèyàn ná ọjà, kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ àfi bí ọ̀rọ̀ bá dé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Mi ò lè wò ó lójú. Mo ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ èdè kan ní Jàpáànù láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò sì tíì sọ fún un.

Nígbà tí wọ́n gbà mí síbẹ̀, tí mo sì sọ fún un níkẹyìn, kò pariwo. Ó kàn ní, "Orílẹ̀-èdè ọmọ yẹn náà," kò sì tún wo eré kankan pẹ̀lú mi mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, Bọ̀dá Fẹ́mi ti kó ẹrù mi sínú mọ́tò. Kíṣìnì ni mo ti bá ìyá mi, ó kọ̀yìn sí mi, ó ń fọ àwo tó ti mọ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, mo ń bọ̀ o." Ó ní, "Hẹn." Kò jáde wá wo mọ́tò náà.

Etí òkun náà ni ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ èdè yẹn wà, ṣùgbọ́n kò jọ ti inú eré. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ sétí omi, atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń gé ni létí. Láàárọ̀, mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ èdè. Lọ́sàn-án, mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú àpótí pẹlẹbẹ fún títà: ìrẹsì, ẹja, ẹ̀fọ́ díẹ̀, ẹyin dídín.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Ní àdúgbò wa, ènìyàn kò lè kọjá ilé mẹ́ta kó má kí ẹni márùn-ún. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù yìí. Bí o bá ṣèèṣì kọjá láìkí wọn, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ bóyá ara rẹ kò yá. Níbí, mo lè wọ bọ́ọ̀sì tó kún, kó máa lọ fún ogójì ìṣẹ́jú, kó má sí ohùn kankan nínú rẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì máa ń ṣófo títí dé ibi tí mo ti máa bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá mi, ohùn ara mi sì dà bí ohùn ẹlòmíràn, nítorí mi ò tíì lò ó láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Mo wọ bàtà, mo lọ sí ilé ìtajà tó wà nígun òpópónà, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí a fi ń sanwó, ó máa ń kí ènìyàn káàbọ̀, ó sì máa ń dúpẹ́. Mo dá a lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Níbi iṣẹ́, ẹyin dídín ni tèmi. Àpótí á máa kọjá lórí bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń sún wọn lọ, èmi á gbé ègé ẹyin kan sí igun ọ̀tún, kò gbọdọ̀ kan ẹja, kò gbọdọ̀ tẹ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá bẹ́líìtì dúró nítorí mi. Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n bo ẹnu bo imú, ojú nìkan ni mo ń rí. Ìyá kan tó wà lápá òsì mi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mórì, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, na ọwọ́ kọjá. Ó gbé ẹyin mẹ́rin sílẹ̀ fún mi, ó sì padà sídìí ẹja tirẹ̀. Báyìí ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Lọ́jọ́ tí bẹ́líìtì kọ́kọ́ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró nítorí mi, mo fẹ́ sọ fún ẹnìkan, mi ò rí ẹni. A ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí Ìyá Mórì yíjú sí mi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn máa ń sọ fún ara wọn bí iṣẹ́ bá parí. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti dé, mi ò fọkàn sí i. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èmi ló ń sọ ọ́ fún, àti pé ohun tó túmọ̀ sí ni "ẹ kú iṣẹ́." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ṣe bí ẹni ń tú okùn bàtà.

Mo ń pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá mi máa ń gbé e.

"Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Màámi. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ó dáa. Fẹ́mi rèé."

Bí ènìyàn bá ń bá ọ jà, o mọ ibi tó dúró, o sì mọ ibi tí ìwọ dúró. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó kàn ń dá mi lóhùn ni. Bọ̀dá mi á gba fóònù, á ní, "Má dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni." Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.

Láàárín ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ibi tí ènìyàn ti wá. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí ìyá mi sí, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, kò tó wákàtí kan sí Iléṣà nínú mọ́tò. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Ìyá Ìpetu ni àdúgbò wa ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún kò tó láti sọ ọ́ di ará Iléṣà. Èmi náà dé Òṣogbo, mo la ẹnu, wọ́n ní, "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti dé." Nígbà náà, ó máa ń bí mi nínú. Níbí, ẹnìkan bi mí pé ará ibo ni mí, mo ní Nàìjíríà, ó bi mí bóyá ibẹ̀ gbóná, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ wa sì parí síbẹ̀. Mo wá ń ṣàárò kí ẹnìkan fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá lè fi èdè rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ ilé yín.

Lọ́dún kejì, nígbà tí òtútù tún dé, Ìyá Mórì ní kí n wá jẹun nílé òun lọ́jọ́ Àìkú. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé níbẹ̀. A ṣì ń bó ìṣùpọ̀ gbòǹgbò kan tó jọ kókò nígbà tí ọmọ náà ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà, ó ké ọ̀rọ̀ kan wọlé: "Itte kimasu." Ìyá Mórì dá a lóhùn láti kíṣìnì láìyíjú.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa, wọ́n ní ohun tí ènìyàn ń sọ bó bá ń jáde nílé ni, mo sì há a sórí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, bóyá nítorí pé kò sí ìwé níwájú mi, mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo bi Ìyá Mórì.

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi ìka méjì rìn lórí tábìlì lọ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. "Lílọ." Ó yí ìka náà padà, ó rìn ín bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Bíbọ̀." Ó ní, "Méjèèjì ni. Tó bá jẹ́ lílọ nìkan, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò fún un."

"Èyí tí ẹ fi dá a lóhùn ńkọ́?"

"Lọ, kí o sì bọ̀."

Mo jẹun tán, mo dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Òòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí mo ṣí ìpín kejìlá eré yẹn, tí mo sì pa ìkọ̀wé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo fetí nìkan gbọ́ ọ. Náò wọ ọkọ̀, ó yíjú, ó sì sọ ọ́: itte kimasu. Kẹ́ńtà dá a lóhùn bí Ìyá Mórì ṣe dá ọmọ rẹ̀ lóhùn gan-an. Gbogbo ìjà tí à ń jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìdajì ọ̀rọ̀ la gbé jà. Mi ò bá ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ wí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ibi tó máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Àwa ní. Àwa tó jẹ́ pé "ó dàbọ̀" là ń sọ, tí àgbà kì í sì í jẹ́ kí ọmọ sọ pé òun ń lọ láìfi bíbọ̀ kún un.

Mo pe ìyá mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí, ìka méjì Ìyá Mórì, gbogbo rẹ̀.

"Nítorí náà, ó ní òun ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ṣé ó wá bọ̀?"

"Eré ti parí níbẹ̀."

"Hẹn." Mo gbọ́ tó jókòó sórí àga. "Ìwọ náà sọ ọ́ fún mi ní kíṣìnì. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ẹnìkan rí."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí láti ọjọ́ tó ti bí mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tí bàbá mi gbé e níyàwó. Òṣómàáló ni bàbá mi, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà ayé ìgbà náà tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, Kàfáńṣán lókè Ọya ló sì fi ṣe ibùjókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ìyá ìyá mi ń sá kòkó lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ìpetu. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ń bọ̀ lọ́dún Kérésì."

"Kérésì mẹ́ta kọjá," ìyá mi wí. "Lọ́dún kan, ọjà kò jẹ́. Lọ́dún kan, oyún Fẹ́mi. Ọ̀kan tó kù, mi ò rántí ohun tó dí mi lọ́wọ́, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ìgbà tí tẹligíráàmù fi bá wa, màmá mi ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀. Mo dé, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bò ó."

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà sáré délé bí ẹni gbé ẹ̀bùn, mi ò sì mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé ibi egbò rẹ̀ gan-an ni mo lọ fi kàn.

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Ìwọ kọ́. Ó yá, agogo ti lù."

Mo mọ̀ pé ó máa ń lọ sí Ìpetu fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kì í wọ ilé wọn. Mo ti rò pé ìjà ogún ni. Mi ò béèrè rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìpè wa padà sí bó ṣe máa ń rí, "A dúpẹ́, ṣé o ti jẹun." Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, fóònù mi dún nígbà tí mo ń pín pàǹtí mi sínú àpò mẹ́ta, bí òfin ibẹ̀ ṣe wí. Ìyá mi ló pè. Kò pè mí rí láti ìgbà tí mo ti dé. Èmi ni mo máa ń pè é.

"Eré yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, Màámi."

"Mo ń ronú nípa ìyá àgbà inú rẹ̀. Mi ò rántí ojú rẹ̀. Ọmọ Oníbúrẹ́dì ni mo ń wò nígbà yẹn. Mo fẹ́ tún un wò, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Bọ̀dá Fẹ́mi gbé e sórí fíláàṣì, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Aago méje àárọ̀ Sátidé ní Iléṣà, kó tó lọ sọ́jà, ni aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ mi. Èmi á pè é, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, a ó tẹ̀ ẹ́ papọ̀. Nígbà yìí, mi ò ka ìkọ̀wé ìsàlẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ni mo ń sọ fún un, bí mo bá sì dé ibi tí mo ti sọ ọ́ láṣìṣe nígbà àkọ́kọ́, mo ń jẹ́wọ́. "Mo ní Kẹ́ńtà sọ pé kò kan òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa fara dà á."

"Ẹn-hẹ́n. Mo mọ̀ pé kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Kẹ́ńtà ló wá wò mọ́. Ìyá àgbà ló ń wò, obìnrin tí mo ti kà sí ara àga àti tábìlì inú ilé. Ó ń wo bó ṣe ń da iyọ̀ sẹ́ja. Ó ní kò da iyọ̀ náà dáadáa. Nínú ìpín kẹrin, ó ní kí n dúró.

"Kí ni obìnrin yẹn ń rán?"

"Báàgì ni, Màámi. Báàgì àtijọ́ kan."

"Ta ló fẹ́ rìnrìn àjò nínú ilé náà?"

Mo wò ó. Ó tó ìpín mẹ́jọ sí i kí lẹ́tà tó ń pe Náò sí ìlú ńlá tó dé. "Kò tíì sí ẹnìkan," mo wí.

"Òun ti mọ̀," ìyá mi wí. "Ó ti ń rán báàgì fún un."

Mo ti wo eré náà tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, mi ò rí báàgì rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá la fi wò ó. Lọ́sẹ̀ kan, iná kò sí ní Iléṣà, a kàn sọ̀rọ̀ títí ó fi tó àkókò ọjà. Ó bi mí nípa bẹ́líìtì. Ó bi mí bóyá Ìyá Mórì ní ọmọ-ọmọ. Mo sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi fún un, ó ní kí n má ra ẹyọ kan mọ́, pé ó ń dà bí ẹni tí kò lẹ́bí. Kí n máa ra odidi ọwọ́, kí n fún aládùúgbò. Mo ṣe é. Aládùúgbò mi gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, lọ́jọ́ kejì ó gbé ọsàn sí ẹnu ilẹ̀kùn mi.

Nígbà tí a dé ìpín kejìlá, mo sọ ọ̀rọ̀ ibùdó ọkọ̀ náà fún un bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́. Ọkọ̀ gbéra, ó ń yí abẹ́ òkè kan. Lókè lọ́hùn-ún, ní igun àwòrán, ilé kékeré kan wà, obìnrin kan sì ń sá aṣọ lágbàlá rẹ̀.

"Dá a dúró," ìyá mi wí. "Dá a padà díẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la wò ó. Kò ju bí ènìyàn ṣe máa mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ìyá àgbà gbọ́ ìró ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ dúró, ó wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú aṣọ mìíràn nínú agbọ̀n, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a.

Mo ń gbọ́ èémí ìyá mi lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìnkùlé wa.

"Kò bínú," ó wí.

"Rárá, Màámi."

"Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Màmá mi gbé ọwọ́ dúró, ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó padà sídìí kòkó rẹ̀, kò juwọ́ sí mi. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń sọ fún ara mi pé inú ló ń bí i." Mo gbọ́ tó fun imú. "Bóyá kòkó ló kàn ń sá."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bi mí, pẹ̀lú ohùn tó fi ń ná ọjà, "Ìgbà wo ni wọ́n máa ń fún yín láyè níbi iṣẹ́ yìí?"

Oṣù kẹjọ ni mo lọ sílé, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, Bọ̀dá Fẹ́mi fi mọ́tò gbé àwa méjèèjì lọ sí Ìpetu. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ló ń gbé ilé náà báyìí, ó sì ti gbálẹ̀ dè wá. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀, ó ń wo àjà. Ó wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Sàréè náà wà lábẹ́ igi ọsàn kan, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti là lójú kan, koríko sì yọ níbẹ̀. Mo fẹ́ dì í mú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà ìkejì.

"Ìyá mi," ó wí, "mo dé."

Ó fa koríko tu, ó gbá ewé ọsàn kúrò, ó sì ní kí Fẹ́mi wá bíríkìlà tó máa dí ojú tó là náà kí òjò tó tún rọ̀.

Nígbà tí à ń padà, ó ní ká dúró lẹ́bàá ọ̀nà ra iṣu. Ó ná a pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Bọ̀dá Fẹ́mi fi pa ẹ́ńjìnnì. Ó padà sínú mọ́tò, inú rẹ̀ dùn, ó gbé iṣu kan lé ẹsẹ̀. A ti rìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Eré yẹn, kò ní apá kejì?"

"Kò ní, Màámi. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣe é."

Ó ronú sí i. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n wá òmíràn fún wa ní Sátidé tó ń bọ̀. Kó jẹ́ èyí tí ọmọkùnrin inú rẹ̀ á tètè la ẹnu."